Ta Ló Ní Kí Kọ̀ǹpútà Máa Ní Sùúrù?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, ìsopọ̀ tó wà láàárín Lawrence Berkeley Laboratory àti Yunifásítì California ní Berkeley ṣàdédé falẹ̀. Ibi méjèèjì kò ju nǹkan bí 400 yáàdì síra. Ìsọfúnni tó ń lọ ní 32,000 bit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan já wálẹ̀ di 40. Okùn kò já, ẹ̀rọ kò jóná. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni.

Ẹ̀bi ta ni? Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe: bí èsì packet, ìyẹn ẹyọ ìsọfúnni, tó rán bá pẹ́, á gbà pé ó ti sọnù, á tún un rán. Àtúnrán á wá kún orí èyí tó ṣì wà lórí ìlà, débi pé ẹ̀dà ohun kan náà ló gba gbogbo ọ̀nà. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, John Nagle, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ lọ́dún 1984. Bí olúkúlùkù ṣe ń tiraka kí tirẹ̀ dé ni ti gbogbo wọn kò fi dé.

Van Jacobson àti Michael Karels ló tún inú BSD, operating system tí wọ́n ń lò ní Berkeley, ṣe. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ fi packet kan ṣoṣo tọ́ ọ̀nà wò. Bí èsì bá dé, á rán méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Tó bá yá, á rọra máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún un. Bí ọ̀kan bá sọnù, á gbà pé ọ̀nà ti kún, á sì fà sẹ́yìn kíákíá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìwà nìyí. Kò sí ọlọ́pàá tó ń yẹ ẹ̀rọ wò bóyá ó dẹ eré. Ẹni tó bá yọ sùúrù yìí kúrò nínú kernel tirẹ̀, ìyẹn ọkàn operating system, á rí gbà ju ẹgbẹ́ lọ, aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹni tí kò yọ ọ́ ńkọ́? Ẹni tó ń wo fíìmù lórí fóònù kò mọ̀ pé òun ń yà fún ẹnikẹ́ni, ó sì ṣòro láti pè é ní ọmọlúàbí nítorí ẹ̀. Àwọn tó kọ kernel ló bá a yàn. Wọn ò bi í.

Ohun tí wọ́n yàn pàápàá ní awuyewuye nínú. Lọ́dún 2007, olùṣèwádìí kan, Bob Briscoe, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àkọlé rẹ̀ pe ìgbàgbọ́ pé kí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan gba ìpín ọgbọọgba ní ẹ̀sìn tó yẹ kí a tú palẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìsopọ̀ kì í ṣe èèyàn: browser tó ṣí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ìpín mẹ́fà ló gbà. Ẹni tó ń fa fáìlì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ á gba iye kan náà nígbà tí wọ́n bá pàdé, bí ẹni pé èyí tí ẹni àkọ́kọ́ ti ń gbà látàárọ̀ kò sí nínú ìṣirò. Briscoe ní ìnira tí kálukú kó bá àwọn yòókù ló yẹ kí a máa kà.

BBR, irú sùúrù mìíràn tí Google gbé jáde ní 2016, tún dá kún awuyewuye náà. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ka packet tó sọnù sí àmì pé kó dẹwọ́. Bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó àti bí èsì ṣe pẹ́ tó ló ń wọ̀n. Nínú ìdánwò, ẹ̀dà yìí sábà máa ń ti CUBIC, irú sùúrù tí Linux ń lò láti 2006, sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Linux ní ètò kan, tcp_allowed_congestion_control, tó ń sọ irú sùúrù tí áàpù lásán lè yàn. Bí a kò bá fọwọ́ kàn án, Reno (ọ̀kan lára irú sùúrù bẹ́ẹ̀) àti èyí tí ẹ̀rọ náà ń lò nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní àṣẹ root, ìyẹn àṣẹ alákòóso ẹ̀rọ, lè kọ òmíràn kún un, láìbi àwọn tí wọ́n jọ ń lo ọ̀nà.