Ọ̀ta Kì í Ṣe Ọ̀tá

Ẹni tí ó bá mọ ayò ta dáradára ni àwọn Yorùbá ń pè ní ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Ẹni tí ó ń wá ìparun ẹni ni ọ̀tá. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ ọ̀ta àti ọ̀tá. Àmì ohùn orí lẹ́tà tí ó gbẹ̀yìn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbàgbé àmì náà nínú ìdánwò yóò pàdánù máàkì. Ẹni tí ó bá gbàgbé ìyàtọ̀ náà lórí pápá ìdíje, ohun tí yóò pàdánù ju máàkì lọ.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Òtítọ́ ni òwe yìí ní ibi púpọ̀. Láyé àtijọ́, àwọn Òṣómàáló láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà a máa ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí ẹnì kan bá gba ọ̀nà Ìbàdàn, ẹlòmíràn a gba ọ̀nà Èkìtì, oníkálukú a sì rí jẹ. Ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo, aláṣọ méjì lè pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí àwọn méjèèjì sì mú owó relé. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run àṣekágbá ìdíje kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ife ẹ̀yẹ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ẹnì kejì yóò ṣófo. Ìbéèrè tí ó wá jẹ yọ ni èyí: níbi tí ojú ọ̀run kò ti gba ju ẹyẹ kan lọ, ǹjẹ́ ẹyẹ méjì lè díje tọkàntọkàn láìdi ọ̀tá ara wọn?

Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti le tó àṣekágbá eré tẹ́níìsì láàrin àwọn tí wọ́n fi eré náà ṣe iṣẹ́. Ènìyàn méjì péré ni ó ń kojú ara wọn, àwọ̀n sì là wọ́n láàrin. Kò sí ẹlẹgbẹ́ tí ènìyàn lè di ẹ̀bi rù bí ó bá kùnà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 2008, Roger Federer ará Siwisilandi àti Rafael Nadal ará Sípéènì pàdé ní àṣekágbá Wimbledon ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọdún 2003 títí dé 2007 ni Federer ti ń gba ife náà léraléra, Nadal yìí gan-an ni ó sì borí ní àṣekágbá ọdún 2006 àti 2007. Ní ọjọ́ tí a ń wí yìí, Nadal gba abala méjì àkọ́kọ́, Federer gba méjì tí ó tẹ̀ lé e. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 48 ni wọ́n fi gbá a, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí Nadal tó gba abala karùn-ún ní 9 sí 7. Ẹni tí ó gba adé ọdún márùn-ún lórí ènìyàn lójú gbogbo ayé, kí ni ó kù tí ọ̀tá ìbá tún ṣe?

Èrò àwọn kan ni pé ìkórìíra ni epo tí ń mú iná ìdíje jó. Wọ́n ní ẹni tí kò bá kórìíra alátakò rẹ̀ yóò ṣàánú rẹ̀, àánú yóò sì dẹ ọwọ́ rẹ̀. Èrò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, nítorí eré tí a fi ìdajì ọkàn ṣe jẹ́ àbùkù fún ẹni tí a ń bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ó da nǹkan méjì pọ̀. Ìfẹ́ láti borí ń wo bọ́ọ̀lù. Ìkórìíra ń wo ojú ẹni tí ó gbá a. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá kúrò lára bọ́ọ̀lù nínú tẹ́níìsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ná. Nídìí ayò pàápàá, ọ̀ta a máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran a sì máa gbè é lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ayò ni ojú rẹ̀ ń kà.

Bí kò bá ṣe ìkórìíra ni ó ń ru ọkàn àwọn eléré sókè, kí ni? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Melbourne, ní ilẹ̀ Australia, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2009 lè tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Àwọn méjèèjì tún pàdé ní àṣekágbá, Nadal sì tún borí lẹ́yìn abala márùn-ún. Nígbà tí wọ́n pe Federer láti sọ̀rọ̀, ẹkún gbé e lóhùn. Kò lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nadal gba ife, kò jó, kò yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀. Ó fi ọwọ́ kọ́ ọrùn ẹni tí ó ṣẹ́gun, ó ń tù ú nínú, ó sì yìn ín níwájú gbogbo ènìyàn. Àwọn tí ó máa ń sọ pé ọkùnrin kì í sunkún yóò ka ẹkún yẹn sí àìlera. Àwọn àgbà tí ó ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran, mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Federer ń sunkún, ó sì ń ríran: ní oṣù kẹfà ọdún náà ó gba ife Paris tí kò tí ì gbà rí, ní oṣù keje ó gba ti Wimbledon padà. Àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá.

Ẹkún bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ohun tí ènìyàn fẹ́ràn ni ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni kan ṣoṣo tí ó sì lè mọ bí ohun náà ti wúwo tó ni ẹni tí òun náà ti làágùn nítorí rẹ̀. Ìgbà 40 ni Federer àti Nadal pàdé. Nadal borí ní 24, Federer ní 16. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí Federer ń fi eré sílẹ̀, Nadal ni ó bá a gbá ìgbá ìkẹyìn gẹ́gẹ́ bí ẹnì kejì rẹ̀. Lẹ́yìn eré náà, àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń sunkún.

Ó yẹ kí a fi èyí wé ogun kí ìyàtọ̀ náà lè hàn. Àwọn ará Iléṣà kò ní gbàgbé Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Ògèdèǹgbé, akọni Ìjẹ̀ṣà, ti gbé ní Ìbàdàn, ó sì kọ́ iṣẹ́ ogun níbẹ̀ kí ó tó wá dojú ìjà kọ Ìbàdàn. Ẹni tí ó kọ́ni ni ó di ẹni tí à ń bá jà. Ṣùgbọ́n ogun kò ní abala tí a dá fún un, kò ní ìlà tí bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ kọjá, kò sì ní onídàájọ́ tí yóò ní ó tó. Àwọn ará ìta, lára wọn àwọn àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin ibùdó méjèèjì kí wọ́n tó lè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Ó sì di ọdún 1893 kí wọ́n tó tú ibùdó ká pátápátá. Yorùbá ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Òwe yìí ni òfin gbogbo ìdíje: àwọn méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ìjà yóò parí sí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ohun ogun bá wọ inú ìdíje, ìdíje parí nìyẹn. Wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní Èkó ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 1976, nígbà tí ìdíje tẹ́níìsì ńlá kan ń lọ lọ́wọ́ ní ìlú náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Arthur Ashe, ẹni tí ó gba ife Wimbledon ní ọdún 1975, ń bá Jeff Borowiak tí wọ́n jọ jẹ́ ará Amẹ́ríkà gbá a, ni àwọn ológun bá gbé ìbọn wọ pápá, wọ́n sì lé wọn jáde. Ìlú Caracas ní Venezuela ni wọ́n ti parí ìdíje tí Èkó bẹ̀rẹ̀. Níwájú ìbọn, kò sí alátakò mọ́ láàrin ọkùnrin méjì yẹn. Ẹ̀mí ni àwọn méjèèjì ń wá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí ń díje nìkan ni ó ni ẹjọ́. Ìlú Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí Òṣogbo, ní ìtàn méjì tí ó kọ́ni ní ipò òǹwòran. Ìtàn kìíní ni ti Tìmì àti Gbọ̀nńkáà, tí Dúró Ládípọ̀ ọmọ Òṣogbo fi ṣe eré Ọba Kò So, tí ó gbé dé Berlin ní ọdún 1964. Ṣàngó bẹ̀rù agbára àwọn akọni méjèèjì, ó sì dẹ ọ̀kan sí èkejì. Gbọ̀nńkáà mú Tìmì wá láàyè, ọba kò gbà. Ó ní kí wọ́n tún un jà. Tìmì kú, Gbọ̀nńkáà sì yí ojú sí ọba. Òǹwòran tí ó fẹ́ kí àwọn méjì pa ara wọn run ni ó pàdánù àwọn méjèèjì, tí ó sì pàdánù ìtẹ́.

Ìtàn kejì ni ti ọdún Ọbàtálá ní Ẹdẹ, tí Ulli Beier kọ sílẹ̀ láàrin ọdún 1950 sí 1960. Ajagẹmọ, olórí àwòrò, a bá àwòrò mìíràn, Olúnwi, jà níwájú ọba. Olúnwi a ṣẹ́gun rẹ̀, a mú un lẹ́rú lọ. Ọba ni yóò san owó ìràpadà, wọn yóò sì gbé Ajagẹmọ padà wá sí ààfin tayọ̀tayọ̀. Ní ibí yìí, ẹni tí ń wòran ni ó ra ẹni tí ó ṣubú padà.

Àwọn òǹwòran New York yan ọ̀nà ti Ṣàngó ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Naomi Osaka, ọmọ ogún ọdún láti Japan, borí Serena Williams, ẹni tí ó ti fi ṣe àwòkọ́ṣe láti kékeré, ní 6 sí 2 àti 6 sí 4. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni onídàájọ́ eré fi ìyà ìrúfin jẹ Serena ní ọjọ́ náà. Inú bí i, ó fọ́ ràkẹ́ẹ̀tì, ó sì pe onídàájọ́ ní olè. Nígbà tí ó di àkókò ìfúnni-ní-ife, àwọn ènìyàn ń hó yèè láti fi ìbínú hàn, ọmọbìnrin tí ó borí sì fa fìlà bo ojú, ó ń sunkún. Serena, tí omijé wà lójú òun náà, ni ó bẹ àwọn èrò pé kí wọ́n dákẹ́ ariwo, kí wọ́n fún ẹni tí ó borí ní ìyìn rẹ̀. Ó ti ṣìwà hù láàárín eré. Ní òpin rẹ̀ ó san ìràpadà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó pàdánù.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣé kì í ṣe àgàbàgebè ni kí ènìyàn máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ó gba ife mọ́ ọn lọ́wọ́? Ìbá jẹ́ àgàbàgebè bí ó bá ṣe bí ẹni pé kò dun òun. Ọmọlúàbí kò ní àìdùn. Ohun tí ó ní ni ìjánu. Ó lè sunkún, ó lè dákẹ́, ó lè lọ jókòó ní òun nìkan. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó sọ ìrora rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Ẹni tí ó borí náà ní gbèsè: bí ó bá sọ pé òpè ni ẹni tí òun ṣẹ́gun, ó ti bu ìṣẹ́gun ara rẹ̀ kù, nítorí kò sí ògo nínú kí ọ̀ta pa òpè láyò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ìtàn sọ pé láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ti wá tẹ Òṣogbo dó. Síbẹ̀, bí ilé-ẹ̀kọ́ Òṣogbo bá pàdé ti Iléṣà lórí pápá, orin èébú a máa ju orin ìyìn lọ. Nínú kíláàsì, ipò kìíní kan ṣoṣo ni ó wà, akẹ́kọ̀ọ́ méjì sì lè máa lé e láti ọdún kìíní dé ọdún ìdánwò àṣekágbá. Bí ọ̀kan bá fi ìwé pamọ́ fún èkejì, ó ti sọ ọ̀ta di ọ̀tá. Bí wọ́n bá jọ ń kàwé ní alẹ́, tí olúkúlùkù sì ń sa gbogbo ipá rẹ̀ ní ọjọ́ ìdánwò, ẹni tí ó ṣe ipò kejì yóò rí i pé òun ti mọ ohun tí òun kì bá tí mọ̀ bí kò bá sí ẹni tí ń lé òun. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti má ṣe jẹ́ Ṣàngó láàrin wọn.

Bí ayò bá parí, ọ̀ta kì í kó ọmọ ayò lọ sílé. Wọn yóò tún da gbogbo 48 padà sínú ihò méjìlá, mẹ́rin mẹ́rin, ẹni tí ó jẹ àti ẹni tí wọ́n jẹ yóò sì jọ kó wọn sí i. Bí ẹnì kejì bá fi ìbínú dìde lọ, ọ̀ta yóò kàn jókòó ti ọpọ́n ni, nítorí ẹnì kan kì í ta ayò.