Àánú Nìkan Kò Tó: Ìpè sí Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Pàjáwìrì

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó fi ẹ̀mí sí wa lára, tí ó sì sọ ẹ̀mí náà di ohun ọ̀wọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀, títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ ni ti òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, àwọn tí wọ́n ń pè ní paramedic. Àwọn yìí ni ó máa ń bá áńbúláǹsì jáde lọ bá ẹni tí jàǹbá ṣe tàbí ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀ lójijì, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ níbi tí ó wà àti lójú ọ̀nà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ní bàbá òun fẹ́ kí òun wá jókòó ti ṣọ́ọ̀bù páàtì ọkọ̀. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń sọ pé iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ àti òkú ni, pé kò ní jẹ́ kí òun ráyè kírun. Ó wá bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀sìn fọwọ́ sí i? Ṣé kí n kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù yìí, àbí kí n dá a padà?”

N kò lè dá a lóhùn láìrántí alẹ́ ọjọ́ kan.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Màgàríbì tán ní Owódé Onírin ni a gbọ́ ìró kan lójú títì Ìkòròdú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa mọ bí ó ti rí: tírélà tí ó kó irin, ọlọ́kadà tí ó ń sáré, danfó tí ó ń pe èrò, ọmọlanke tí ó kó ẹ́ńjìnnì, gbogbo wọn ń du ọ̀nà kan náà. Ọkọ̀ ti gbá ọmọ iṣẹ́ kan tí ó ń sọdá. Àwa mẹ́rin sáré jáde. Kò sí ẹni tí àánú ṣe jù wá lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀kan fà á lápá, méjì gbá a lẹ́sẹ̀ mú, èmi di èjìká rẹ̀ mú. A ká a bí ẹní sẹ́yìn ọkọ̀ takisí, a gbé orí rẹ̀ sókè, a bu omi sí i lẹ́nu, a sì ń pe orúkọ Ọlọ́hun.

Ọmọ náà kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n títí di òní, kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Dókítà bi wá bí a ti gbé e. Nígbà tí a ṣàlàyé tán, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá fara gbọgbẹ́, a kì í gbé e bẹ́ẹ̀. Bóyá ọkọ̀ ni ó bà á jẹ́, bóyá ọwọ́ wa ni, Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ̀. Èmi kò tíì gbàgbé èjìká náà.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé lónìí kò ju èyí lọ: àánú láìsí ìmọ̀ lè pa ènìyàn.

OHUN TÍ ÀNÁBÌ SỌ NÍPA ÀÌMỌ̀

Nínú hádíìsì tí Abú Dáwúd gbà wá, Jábir sọ ìtàn àwọn kan tí wọ́n wà lórí ìrìn-àjò. Òkúta fọ́ ọ̀kan nínú wọn lórí. Nígbà tí ó sùn, jánábà bá a. Ó bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá òun lè ṣe táyámọ́mù. Wọ́n ní rárá, níwọ̀n ìgbà tí omi wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí ìròyìn dé etí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó bínú gidigidi. Ó ní àwọn ni wọ́n pa á. Ó ní kí ni kò jẹ́ kí wọ́n béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀? Ìbéèrè ni oògùn àìmọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò kórìíra ọkùnrin náà. Ẹ̀sìn ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣọ́. Síbẹ̀, a ka ikú rẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Hádíìsì mìíràn sì wà tí ó sọ pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwòsàn, tí a kò sì mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ náà ṣáájú, òun ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́. Yorùbá ní àìmọ̀kan-mọ̀kan ni èkúté ń pe ológbò níjà. Èkúté fúnra rẹ̀ ni ó ń jìyà àìmọ̀ tirẹ̀. Àìmọ̀ tiwa lójú títì, ẹlòmíràn ni ó ń jìyà rẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ áyà kejìlélọ́gbọ̀n nínú Súrátù Máídà, níbi tí Ọlọ́hun ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹni tí ó bá gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tí ó gba gbogbo ènìyàn là. A máa ń ka áyà yìí níbi wáàsí. Ta ni ó ń lọ kọ́ bí a ti ń ṣe é?

FÁRÍLÀ TÍ Ó WÀ LỌ́RÙN GBOGBO WA

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa ka ìmọ̀ ìwòsàn mọ́ farilu kifáyà: bí àwọn kan bá ṣe é tó, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù, bí kò bá sí ẹni tí ó ṣe é, gbogbo ìlú ni ó jẹ̀bi. Imáàmù Gasálì, tí ó kú ní ọdún 1111, kédàárò nínú ìwé rẹ̀ Ihyá pé ìlú púpọ̀ wà tí kò ní oníṣègùn kankan bí kò ṣe ti ẹlẹ́sìn mìíràn, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń ti ara wọn níbi àríyànjiyàn fíkíhì. Ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọdún tí ó ti kọ ọ́. Ẹ wo inú ẹgbẹ́ wa lónìí: mélòó nínú wa ni ó lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tí irin gé?

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá LASAMBUS, iṣẹ́ áńbúláǹsì ìpínlẹ̀, sílẹ̀ ní ọdún 2001. Àwọn Road Safety ti wà láti ọdún 1988. Ọkọ̀ lè wà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í di ọgbẹ́, ènìyàn ni ó ń dì í.

Ní ti ìrun tí àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò wa fi ń dẹ́rù bà á, àwọn onímọ̀ fíkíhì sọ pé ẹni tí ó wà lórí ìrun, tí ó rí ẹni tí ó ń rì sómi tí òun sì lè yọ ọ́, kí ó já ìrun náà kí ó lọ yọ ọ́. Ìrun ṣeé padà kí, ẹ̀mí kò ní ààrọ̀. Ìsìláàmù sì fi àyè sílẹ̀ láti pa ìrun méjì pọ̀ nígbà ìnira. Kí ó jókòó ti ààfáà tí ó mọ̀wé, kí ó kọ́ bí yóò ti máa ṣe é. Ní ti ẹ̀jẹ̀, omi wà, ìpààrọ̀ aṣọ sì wà.

Ẹ̀YIN ARÁBÌNRIN ŃKỌ́?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni. Nígbà ogun Kóńdákì, ní ọdún karùn-ún Híjírà, ọfà ba Sa‘d ọmọ Mu‘ádh. Àgọ́ tí Rufaydah, obìnrin ará Aslam, ti ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni Ànábì ní kí wọ́n gbé e lọ. Inú mọ́sáláṣí Ànábì ni àgọ́ náà wà. Umm ‘Atiyyah bá Ànábì jáde ogun méje, ó ń dáná, ó ń tọ́jú aláìsàn. Rubayyi‘, ọmọ Mu‘awwidh, sì sọ fúnra rẹ̀ pé àwọn máa ń fún àwọn ènìyàn lómi, àwọn sì máa ń gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ padà sí Mọdínà. Kí ni èyí bí kò ṣe iṣẹ́ áńbúláǹsì?

Arábìnrin mi, ronú obìnrin tí ìrọbí mú nínú ọkọ̀ ní Máìlì Kejìlá, nígbà tí ọkọ̀ kò lọ síwájú, tí kò sì padà sẹ́yìn. Ta ni ìwọ fẹ́ kí ó ṣí aṣọ lára rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ìdáhùn rẹ, obìnrin kan gbọ́dọ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ náà.

ẸNI TÍ Ó RÒ PÉ ÒUN KÒ TÓ BẸ́Ẹ̀

Ẹlòmíràn yóò sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé: ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mí, irin ni mo ń já, ta ni yóò gbé ẹ̀mí ènìyàn lé mi lọ́wọ́? Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọdún 1967, ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ọlọ́pàá ni ó máa ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, láìsí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú jọ láti àdúgbò Hill District, àdúgbò tálákà. Àwọn kan nínú wọn kò parí ilé-ìwé, aráyé sì ti pè wọ́n ní ẹni tí kò wúlò fún iṣẹ́ kankan. Dókítà Peter Safar ni ó ṣètò ẹ̀kọ́ wọn, ẹ̀kọ́ tí ó tó nǹkan bí 300 wákàtí. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Freedom House. Wọ́n wà lára àwọn paramedic àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1975. Ohun tí ó sọ wọ́n di ènìyàn pàtàkì kò ju pé wọ́n gbà láti kọ́ ọ, wọ́n sì kọ́ ọ dójú àmì.

BÍ A ÓÒ TI GBA Ọ̀NÀ NÁÀ

Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ẹ̀kọ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ tún àníyàn rẹ̀ ṣe, nítorí pé àníyàn ni a fi ń gba láádá. Lẹ́yìn náà, kí ó wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera sábà máa ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún ní WAEC tàbí NECO, tí Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàyọ́lọ́jì àti Kẹ́mísírì máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kù, kí ó padà lọ jókòó sí i. Kí ó ṣe ìwádìí bóyá ìjọba fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà àti ẹ̀kọ́ náà gan-an kí ó tó san kọ́bọ̀. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé iṣẹ́ agbára ni. Gbígbé ènìyàn kì í ṣe eré.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rù Ọlọ́hun jù ni èyí. Àwọn kan ń ra èsì ìdánwò, àwọn kan ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn fún wọn. Ànábì ti sọ pé ẹni tí ó bá rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa. Ẹni tí ó bá jí Bàyọ́lọ́jì rẹ̀ gbé, kí ni yóò ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde lára ọmọ ọlọ́mọ, tí kò mọ ibi tí yóò fọwọ́ tẹ̀? Èyí ti kọjá irọ́ orí ìwé. Ìpànìyàn ni ó fara pamọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́hun bùn lówó, kì í ṣe ilé mọ́sáláṣí nìkan ni sàráà. Ẹ sanwó ilé-ìwé ọmọ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní lè lọ, ẹ má jókòó lásán. Ẹgbẹ́ Red Cross ti Nàìjíríà ń kọ́ni ní ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí àmì àgbélébùú lé yín sá. Òṣùpá pupa ni ìlú Mùsùlùmí púpọ̀ ń lò, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Títí ẹ ó fi kọ́ ọ, ẹ rántí díẹ̀ yìí: bí iná tàbí ọkọ̀ mìíràn kò bá fẹ́ pa á níbẹ̀, ẹ má fa ẹni tí ó fara pa kiri. Ẹ pe 767 tàbí 112. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tú, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. Ẹ má bu omi sí i lẹ́nu.

Mo sọ fún àbúrò wa pé kí ó kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù náà. Mo ní kí a jọ lọ bá bàbá rẹ̀, kí a fi ọ̀wọ̀ àti sùúrù bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, mo sọ ìtàn èjìká náà fún wọn. Bàbá náà wo ọmọ rẹ̀ títí, wọ́n ní: “Ta ni ó mọ̀ bóyá èmi ni yóò kọ́kọ́ gbé?”

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní, kí ó fi àánú sí wa lọ́kàn, kí ó fi ọgbọ́n sí wa lọ́wọ́. Kí ó fún ọmọ iṣẹ́ náà ní àlàáfíà, kí ó sì fi orí jì wá. Àmín.