ỌKỌ̀ FÍFỌ̀, OMI ODÒ ÀTI Ẹ̀TỌ́ ỌMỌNÌKEJÌ WA

 

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa tí ó wà ní ìlú Kaduna àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí, ẹlòmíràn lè sọ pé kí ló kan àáfáà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fífọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dé ìparí, nítorí àlùwàlá wa wà nínú rẹ̀, oúnjẹ wa wà nínú rẹ̀, ìṣirò wa lọ́dọ̀ Ọlọ́hun náà sì wà nínú rẹ̀.

Púpọ̀ nínú wa ni ó ń jẹun lára ọkọ̀. Àwọn kan jẹ́ dírẹ́bà, àwọn kan ni wọ́n ni ọkọ̀, àwọn kan jẹ́ mẹkáníìkì. Àwa oníṣòwò ń retí lọ́rì tí yóò kó ọjà wa dé. Àwọn ọmọ wa mìíràn sì wà níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ èrò, tírélà àti kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Iṣẹ́ hàlálì ni. Ìmọ́tótó sì jẹ́ ara ìgbàgbọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí ọkọ̀ wa máa dọ̀tí. Ohun tí a ń béèrè ni pé: omi tí a fi fọ ọkọ̀ náà, níbo ni ó ń gbà lọ?

Ní ọ̀pọ̀ ìlú tí odò gbà kọjá, àwọn awakọ̀ a máa wa ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, àwọn mìíràn a tilẹ̀ ti táyà bọ inú omi. Ẹni tí kò lọ sódò, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni ó ń fọ tirẹ̀ sí, bí òjò bá sì rọ̀, gọ́tà náà yóò gbé gbogbo rẹ̀ lọ sódò kan náà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú omi yẹn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti gíríìsì wà níbẹ̀. Pẹtiróòlù tàbí dísù tí a fi nu ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀. Ọṣẹ wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ń gbé ẹran láti ibi ìpẹran, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ èrò tí ó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, èébì àti ìgbẹ́ ọmọdé lè wà níbẹ̀. A kò sì gbàgbé pé ní ọdún 2021, àrùn onígbáméjì pa ju 3,500 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà. Láti inú ìgbẹ́ sínú omi, láti inú omi sí ẹnu, ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà nìyẹn.

Omi bátìrì tún burú ju èyí lọ. Ásíìdì àti òjé ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà rántí pé ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara tí kò jìnnà sí wa, òjé tí ó jáde nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nílé pa ju 400 ọmọdé lọ. Ohun tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dà sí etí odò.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí sàríà wí. Ọmọ kéwú tí ó bá ti ka ìwé Akhdarī mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ti pín omi sí ọ̀nà. Omi tí nọ́jísì bá yí àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ tàbí òórùn rẹ̀ padà ti di nọ́jísì, a kò lè fi ṣe àlùwàlá. Omi tí ohun mímọ́ bá yí padà, irú ohun tí a lè yẹra fún bí ọṣẹ, kò di nọ́jísì, ṣùgbọ́n ìjọsìn kò ṣeé fi ṣe mọ́. Àmọ́ omi tí ẹrẹ̀ ilẹ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ yí padà, kò sí láìfí lára rẹ̀, nítorí kò sí bí a ti lè ya òun àti ẹrẹ̀ náà nípá.

Ẹ ro èyí wò dáadáa. Nígbà òjò, odò Kaduna a máa pọ́n bí epo, síbẹ̀ àlùwàlá ṣeé fi ṣe. Ẹrẹ̀ tí Ọlọ́hun fi sí ọ̀nà rẹ̀ kò gba ìmọ́ra lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ àwa ènìyàn ni ó ń gbà á. Ohun tí Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Sūratur-Rūm nìyí, ní ẹsẹ 41, pé ìbàjẹ́ tí ó hàn lórí ilẹ̀ àti nínú omi, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn ni ó fà á.

Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé, "Àáfáà, odò ń ṣàn, á gbé e lọ." Òótọ́ ni pé á gbé e lọ. Ọ̀dọ̀ ta ni ó ń gbé e lọ? Láàárín ìlú níbí, àwọn àgbẹ̀ fàdámà ń fa omi odò yìí sórí ẹ̀fọ́ àti tòmátì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àwa náà ni a sì ń ra ẹ̀fọ́ náà lọ́jà. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn gan-an ni omi dín kù, tí ìdọ̀tí sì pọ̀ nínú rẹ̀. Odò yìí kan náà ni ìjọba ń fa omi rẹ̀, tí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù sí kí ìdọ̀tí lè sùn sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù kì í mú òórùn pẹtiróòlù kúrò. Ọ́ìlì tí ó sì léfòó a máa bo ojú omi bí ọ̀rá, kò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé fún ẹja.

Kò tán síbẹ̀. Láti Kaduna, omi náà ṣàn lọ sí ìdídò Shiroro, ó gba ilẹ̀ Nupe kọjá, ó sì bọ́ sínú Odò Ọya ní òdìkejì Pategi. Ìpínlẹ̀ Kwara ni Pategi wà. Láti ibẹ̀ ni Odò Ọya ti ń lọ sí Lokoja. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wá láti Kwara, ẹ̀yin tí ẹ wá láti ilẹ̀ Okun ní Kogi, ẹ gbọ́: odò tí a rò pé ti ìlú àjò ni, ọ̀nà ilé ni ó ń lọ. Àwọn àgbà wa sì ní, ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Irú omi wo ni àwa ń dà síwájú?

Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́hun, bí o bá ronúpìwàdà, aláàánú ni Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ènìyàn tí o jẹ, àfi kí o dá a padà tàbí kí ẹni náà yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ. Àwa oníṣòwò mọ ohun tí gbèsè jẹ́. Bí mo bá jẹ ọ́ lówó, mo mọ ilé rẹ, mo lè wá bẹ̀ ọ́. Ẹni tí ó da ọ́ìlì sódò ní Kaduna, báwo ni yóò ṣe mọ obìnrin tí ó bu omi náà fún ọmọ rẹ̀ mu ní abúlé kan nísàlẹ̀? Báwo ni yóò ṣe mọ bàbá arúgbó tí ó fẹ́ ṣe àlùwàlá Àsùbáà, tí omi ń rùn ọṣẹ àti dísù lọ́wọ́ rẹ̀? Gbèsè tí a kò mọ olówó rẹ̀ nìyí. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ti sọ fún wa nípa ẹni tí ó kó ìrun, ààwẹ̀ àti sàká wá lọ́jọ́ Àlùkìyáámà, tí wọ́n pín láádá rẹ̀ tán fún àwọn tí ó ti ṣe àìdáa sí, títí ó fi di òtòṣì. Ànábì yìí kan náà ni ó kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ṣe ẹ̀gbin sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń bu omi ń fa èpè sórí ara rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń da ohun tí ó ju tiwa lọ sínú odò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò jíhìn tiwọn. Àlùkùránì ti kọ́ wa pé ẹnì kan kò ní ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò lè fọ tiwa.

Kí ni kí a wá ṣe? Kò le. Èkínní, kí ọkọ̀ má ṣe wọ odò mọ́, kí a má sì fọ̀ ọ́ sí ẹnu gọ́tà. Orí ilẹ̀ tí ó ní koríko tàbí òkúta wẹ́wẹ́ ni kí a ti fọ̀ ọ́, kí ó jìnnà sí odò, kí ó sì wà ní apá ìsàlẹ̀ kànga, kì í ṣe apá òkè rẹ̀.

Èkejì, kí a kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ àti àkísà gbígbẹ kó erùpẹ̀ àti gíríìsì kúrò kí omi tó kàn án. Bí ọ́ìlì bá dà sílẹ̀, kí a da eruku pákó tàbí yanrìn lé e, kí a gbá a kó, kí a má ṣe fi omi ṣàn án lọ. Kí a má ṣe fi pẹtiróòlù fọ ẹ́ńjìnnì rárá. Yàtọ̀ sí omi, iná ń bẹ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a gba ọ́ìlì dúdú tí a tú sínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ń rà á, àwọn tí ń fi í lé ikán kúrò lára igi náà ń rà á. Kí ni ó dé tí a óò da owó nù, tí a óò tún fi ra ẹ̀ṣẹ̀? Bátìrì tí ó ti kú, kí a gbé e fún àwọn tí ń rà á pẹ̀lú omi rẹ̀ nínú.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi korobá bu omi dípò kí rọ́bà máa ṣàn lásán. Ànábì wa a máa fi ìwọ̀n múùdù kan ṣe àlùwàlá, ìyẹn omi ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjì. Bí omi bá kéré, ìdọ̀tí tí yóò ṣàn jáde náà yóò kéré.

Ẹ̀karùn-ún, níbi tí ọkọ̀ ti pọ̀, kí a gbẹ́ kòtò méjì. Kí omi kọ́kọ́ ṣàn sínú èyí tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Yanrìn yóò sùn sísàlẹ̀, ọ́ìlì yóò léfòó. Kí ẹnu páìpù tí ó lọ sí kòtò kejì rì sínú omi ní agbedeméjì, kí ó lè jẹ́ omi àárín nìkan ni yóò máa kọjá. Kòtò kejì, òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn ni kí ó kún inú rẹ̀, ilẹ̀ yóò sì fa omi náà mu díẹ̀díẹ̀. Kí a máa bu ọ́ìlì tí ó léfòó sínú kẹ́ẹ̀gì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọmọ tí ń fọ ọkọ̀ kò lówó sìmẹ́ńtì. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò ní ìpàdé tí ń bọ̀. A máa ń dáwó fún mọ́sáláásí, a máa ń dáwó gbẹ́ kànga. Ẹni tí ó gbẹ́ kànga gba láádá; ẹni tí kò jẹ́ kí kànga ẹlòmíràn bàjẹ́, Ọlọ́hun kò ní fi láádá tirẹ̀ ráre. Ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, ẹ má ṣe fi tọ́rọ́ kún owó fífọ̀ kí ẹ sì máa béèrè ọkọ̀ tí ń dán. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ pẹ̀lú.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí omi wa mọ́, kí ó jẹ́ kí oúnjẹ wa jẹ́ hàlálì, kí ó má jẹ́ kí a lọ bá Òun pẹ̀lú gbèsè tí a kò mọ olówó rẹ̀. Kí ó máa ṣọ́ àwọn awakọ̀ wa lójú ọ̀nà, kí ó sì fi àlàáfíà sáàárín àwa àti àwọn tí ó gbà wá lálejò. Àmín.