Ọ̀ta Tó Mọ Géèmù, Ṣé Ó Mọ̀wà Hù?

Géèmù bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n ti di eré ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, pàápàá níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, bí agbègbè yunifásítì FUTA àti ti ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí. Oríṣi èèyàn méjì ló ń pàdé nílé géèmù: àwọn kan wá sinmi lẹ́yìn làálàá ọjọ́, àwọn kan sì ń múra ìdíje. Òfin kan wà tó sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn: ẹni tó bá pàdánù ni yóò sanwó, òun náà ni yóò gbé páàdì sílẹ̀, ẹni tó borí kò ní dìde. Ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, lè tipa bẹ́ẹ̀ jókòó láti ọ̀sán títí di alẹ́ láì ná kọ́bọ̀, kí àwọn òpè tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá máa sanwó fún ìgbádùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá wá gbá góòlù méje wọlé, tó tún ń bú ẹni tó ń sanwó pé olódo ni, ó ti mú kí onítọ̀hún náwó, ó tún gba iyì rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọlúàbí, bó ti wù kó mọ géèmù tó.

Àwọn kan á ní ìdíje ni ìdíje ń jẹ́. Òótọ́ ni. Akínkanjú wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí, òtítọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbà kí òpè borí tàn án jẹ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ bó ti yẹ àti inú rere kò gbẹ́yìn nínú ìwà ọmọlúàbí, èébú kò sì fi góòlù kan kún góòlù. Ọ̀ta lè borí tán kó fi bọ́tìnnì L1 han òpè, èyí tí a fi ń yan agbábọ́ọ̀lù mìíràn nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ alátakò. Ìmọ̀ rẹ̀ kò dín. Ọ̀ta gan-an nílò òpè: lọ́dún 2024, ilé-iṣẹ́ Activision tó ni géèmù Call of Duty tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde pé nígbà tí àwọn dẹ ìlànà tó ń mú kí àwọn tí òye wọn dọ́gba pàdé ara wọn lórí géèmù náà, ìpadàwá dín kù láàárín ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣe é, ìyẹn gbogbo wọn yàtọ̀ sí àwọn ọ̀jáfáfá. Bí òpè bá lọ tán, ta ni ọ̀ta yóò bá gbá?

Ẹlòmíì á rán wa létí ayò ọlọ́pọ́n, pé nídìí ọpọ́n, ọ̀ta ló ń fọhùn, òpè kì í sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tó bá dé bá wọn níbẹ̀ ń kí ọ̀ta, ó ń kí òpè pẹ̀lú, àwọn òǹwòran sì ń gba òpè nímọ̀ràn. Ọmọ ayò 48 ni gbogbo ohun tí wọ́n jọ ń dù; bí eré bá parí, wọ́n á tún un pín ní mẹ́rin-mẹ́rin sínú ihò 12. Ẹ̀fẹ̀ láàárín ojúgbà ni ti ayò. Èébú tí a ń ná owó fún kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Òpè náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ẹni tó ń yọ wáyà iná nígbà tí ìyà ń jẹ ẹ́, tàbí tó ń purọ́ mọ́ páàdì, kò bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí ẹlòmíì ṣe kó tó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ọ̀ta sì ni àgbà nílé géèmù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nilé géèmù, ẹ ya tẹlifíṣọ̀n kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó wá ṣeré, kí wọ́n máa sanwó ní wákàtí-wákàtí. Ẹ̀yin ọ̀ta, ẹ borí, kí ẹ sì kọ́ ẹni tí ẹ borí.