Màmá Ní Kí N Dúró Kí Òun Wé Gèlè

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa ọmọ ẹgbẹ́ kan kó ìrẹsì lọ fún àwọn opó ní abúlé kan lẹ́bàá Ìbàdàn. Èmi ni mo di fóònù mú. Iṣẹ́ mi ni pé kí n ya ẹnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gba àpò tirẹ̀, kí àwọn tó dá owó lè rí i pé owó wọn kò bómi lọ. Nígbà tó kan màmá àgbàlagbà kan, ó gbé àpò ìrẹsì náà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè orí rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, dúró ná, jẹ́ kí n wé e dáadáa.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, mà. Bẹ́ẹ̀ náà ló dáa. Ẹ kàn gbé ìrẹsì yẹn sókè díẹ̀.” Màmá wò mí. Ó gbé ìrẹsì sókè. Mo ya fọ́tò.

Ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo fi bá a sọ̀rọ̀, mo fi “ẹ” àti “mà” kún un. Ẹni tó bá gbọ́ mi lọ́jọ́ náà á ní ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n gèlè tí a bá wé dáadáa kò ní mú kí àwọn olówó dáwó lọ́dún tó ń bọ̀, ohun tó wà nínú mi gan-an nìyẹn.

Ẹ wo fọ́tò àwọn bàbá wa àgbà lára ògiri pálọ̀. Bàbá jókòó sórí àga, ó kọjú sí kámẹ́rà gbọọrọ, ọwọ́ méjèèjì wà lórí itan, ó ya ẹsẹ̀ kí agbádá lè tẹ́ dáadáa. Kò rẹ́rìn-ín. Ayàwòrán kan láti Amẹ́ríkà, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé African Arts ní 1978. Ó rí i pé ìjókòó yẹn kì í ṣe èèṣì: bí àgbà ṣe yẹ kó rí lójú àwùjọ ni wọ́n ń yà. Ó tún rí ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìbejì. Bí ọ̀kan bá ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan, Táyé àti Kẹ́hìndé á sì jókòó ti ara wọn. Kò sí ìyá ìbejì tó máa pe ìyẹn ní irọ́.

Inú ilé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni màmá dàgbà sí. Ó mọ ohun tí fọ́tò wà fún. Èmi tí mo di fóònù mú ni kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn Dorothea Lange, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àwòkọ́ṣe ẹni tó fi iṣẹ́ fọ́tò ṣàánú. Mo fẹ́ gbé e sórí ìwọ̀n ọmọlúàbí. Kì í ṣe Yorùbá, kò sì bẹ̀ mí pé kí n fi òṣùwọ̀n wa wọn òun, ṣùgbọ́n òun ni mo ní.

Wọ́n bí i ní Hoboken ní 1895. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ú, ó sì ń tiro títí ó fi kú. Ní 1919 ó ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní San Francisco. Àwọn olówó ìlú ni oníbàárà rẹ̀, ìyàwó oníṣòwò, ọmọ ọlọ́rọ̀, ẹni tó fẹ́ kí ojú òun dán. Iṣẹ́ náà ń bọ́ ọ. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, tí àwọn aláìníṣẹ́ ń tò sójú pópó láti gba búrẹ́dì ọ̀fẹ́, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ jáde, ó tọ̀ wọ́n lọ. Nígbà tó yá, ó di òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó ń ya àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀dá àti gbèsè lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Àbọ̀ ìwádìí tí òun àti Paul Taylor, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó fẹ́ ẹ ní 1935, jọ kọ wà lára ohun tó mú kí ìjọba kọ́ àgọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ oko aṣíkiri ní Kalifọ́níà.

A máa ń wo iṣẹ́ lára ọmọlúàbí, a máa ń wo akínkanjú. Lórí méjèèjì, n kò rí ẹ̀sùn tí mo lè fi kan obìnrin yìí.

Ní oṣù kẹta ọdún 1936, ó ti parí iṣẹ́ oṣù kan lójú ọ̀nà, ó ń wakọ̀ lọ sílé nínú òjò. Ó rí pátákó kan ní Nipomo tó ń júwe àgọ́ àwọn tó ń ká ẹ̀wà tútù tí wọ́n ń pè ní pea. Ó kọjá. Ó ti lọ tó ogún máìlì kí ọkàn rẹ̀ tó kọ̀ fún un, ló bá yí mọ́tò padà. Òtútù ti pa ẹ̀wà náà lóko, iṣẹ́ kò sí. Ó bá obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ lábẹ́ àgọ́ aláṣọ, ó sì lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni fọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀ sí Migrant Mother ti wá: obìnrin kan fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń wo ọ̀nà jíjìn, ọmọ méjì fi orí pamọ́ sí èjìká rẹ̀, ìkókó wà lórí itan.

Lange kò fi falẹ̀. Ó gbé àwọn fọ́tò náà lọ fún ìwé ìròyìn San Francisco News, kò sì pẹ́ tí ìjọba fi kó oúnjẹ tó wọn 20,000 pọ́n-ùn lọ sí àgọ́ náà. Mo ṣírò rẹ̀: nǹkan bí 180 àpò ìrẹsì wa, oníkílò 50. Àwa tí à ń kọ àròkọ lórí ìwà máa ń yára kọjá lórí irú nǹkan báyìí ká lè tètè dé ibi ẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Àwọn ènìyàn tí ebi ń pa jẹun, nítorí pé obìnrin kan tó ti rẹ̀ yí mọ́tò rẹ̀ padà.

Obìnrin inú fọ́tò kò sí lára wọn. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣí lọ sí Watsonville láti wáṣẹ́ kí oúnjẹ náà tó dé.

Ní 1960, Lange fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò béèrè orúkọ obìnrin náà, òun kò sì béèrè ìtàn rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ló sọ fún òun, ọdún 32. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá wọ àgbàlá onílé á kí i, á béèrè àlàáfíà ọmọ, kó tó sọ ohun tó bá wá. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀ tí ojú ń rí wọn. Lange tún kọ ọ́ pé wọ́n ti ta táyà mọ́tò wọn kí wọ́n lè ra oúnjẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin obìnrin náà sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀: táyà tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò nìkan ni àwọn ní, mọ́tò náà ni àwọn sì wà kúrò níbẹ̀. Kò pe Lange ní òpùrọ́. Ó ní bóyá ìtàn ẹlòmíràn ló fi lú tàwọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè ìtàn, ibo ni kò ti ní fi ìtàn lú ìtàn?

Ní 1978 ni akọ̀ròyìn kan wá obìnrin náà rí ní ìlú Modesto. Florence Owens Thompson lorúkọ rẹ̀. Cherokee ni, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí àwọn ènìyàn ti ń wò bí ìyá òyìnbó aláìní fún ogójì ọdún. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní ó wu òun kí wọ́n má ya òun rárá, òun kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, ayàwòrán náà kò béèrè orúkọ òun, ó sì ṣèlérí pé òun máa fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́, kò fi í ránṣẹ́.

Àgbà tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Lange náà. Ó ti kú láti 1965, kò sí níbẹ̀ láti fèsì. Ìjọba ló ni fọ́tò náà, owó oṣù rẹ̀ ló gbà, kò jẹ èrè lórí rẹ̀. Mo sì ní ohun rere kan láti sọ nípa rẹ̀ tí n kò lè sọ nípa ara mi. Àwọn kan á bi mí pé bí màmá bá wé gèlè tó dúró, ta ló máa mọ̀ pé ebi ń pa á? Lange ti dáhùn ìbéèrè yẹn. Obìnrin inú fọ́tò rẹ̀ kò tẹ́wọ́, kò sunkún, kò gbé abọ́ òfìfo sókè. Ó ń ronú. Aṣọ rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ jẹ́ ojú ẹni tó lè jókòó sí ilé fọ́tò San Francisco láàárín àwọn olówó. Ọgbọ́n tí Lange kọ́ lára àwọn olówó ló ná fún tálákà, kò sì dín in kù. Oúnjẹ ṣì wá. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé ìrẹsì sókè.

Nítorí náà, ohun tí Lange jẹ́ ní gbèsè kò sí nínú fọ́tò náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà: orúkọ tí kò béèrè, ìtàn tí kò gbọ́ dáadáa, ẹ̀dà kan tí kò dé. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìjọba rán an pé kó lọ ya ìṣẹ́. Ó jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n apá tó jẹ́ ti ọmọ kò pé. Ní 1998, ẹ̀dà kan tí Lange fọwọ́ sí ta ní gbàǹjo Sotheby's ní 244,500 dọ́là. Mo máa ń rántí ẹ̀dà tí wọ́n ṣèlérí fún Thompson nígbàkigbà tí mo bá rí iye yẹn.

Àìsàn dá Thompson dùbúlẹ̀ ní 1983. Àwọn ọmọ rẹ̀ ké sí aráyé, owó tó lé ní 30,000 dọ́là sì wọlé pẹ̀lú ọ̀pọ̀ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó rántí fọ́tò náà. Títí di ìgbà yẹn, ìtìjú ni fọ́tò náà jẹ́ nínú ilé wọn. Àwọn lẹ́tà yẹn ni wọ́n kà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í yangàn. Oore Lange dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níkẹyìn, ó gba ọdún 47. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ló kú.

Àwọn kan ti rí ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kejìlá 2009, Jeremy Cowart, ayàwòrán kan ní Nashville, bẹ̀rẹ̀ ohun tó pè ní Help-Portrait. Àwọn oníṣẹ́ fọ́tò á ṣètò ibì kan, wọ́n á pe àwọn tí kò lówó fọ́tò, wọ́n á ṣe wọ́n lóge, wọ́n á yà wọ́n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n yà ló ni ín. Ó jọ mí lójú nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ rí ìrẹsì nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni, àwọn wọ̀nyí kò sì lóṣòó.

Fọ́tò màmá ṣì wà lórí fóònù mi. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kí n gbé e lọ fún un, ṣùgbọ́n n kò béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sì tún lè wù ú láti gbé e kọ́, gèlè orí rẹ̀ ti tú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹgbẹ́ aláàánú gbé kámẹ́rà lọ sí abúlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè orúkọ kí ẹ tó yà wọ́n. Bí màmá bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró dè é. Kí ẹ sì tẹ ẹ̀dà kan fún un. Owó rẹ̀ kò tó owó abọ́ ìrẹsì kan ní búkà.