Máàkì àti Àlàáfíà Ọkàn

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá rí oorun sùn mọ́, tí ìwé tó ń kà kò sì wọ̀ ọ́ lórí, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó máa fi ipá tẹ̀ síwájú nítorí máàkì? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ó ń dojú kọ àwọn ọmọ wa tó ń lépa iṣẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà.

Ní Nàìjíríà, ọmọ tó jáde ìwé mẹ́wàá lè bọ́ sínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn tààrà bí máàkì rẹ̀ bá tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ti Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn a kọ́kọ́ lo ọdún 4 fún oyè àkọ́kọ́, kí wọ́n tó lo ọdún 4 mìíràn fún ìṣègùn. Ẹni tí máàkì oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ kò gbé pẹ́ẹ́lí a máa lọ gba oyè kejì, láti fi hàn pé òun tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìnira wà. Àtúnṣe ni ó wá ṣe. Àyè àṣìṣe kò sí mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, bí máàkì rẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ ju 3.0 nínú 4.0, ìkìlọ̀ dé nìyẹn.

Àárẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 1960, dókítà ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní Aro ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà: orí ń ta wọ́n, ojú wọn ń ṣe bàìbàì, wọ́n ń kàwé ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kà kò yé wọn. “Brain fag” ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é. Àwa olùkọ́ ń rí irú rẹ̀ bí ìdánwò WAEC bá kù sí dẹ̀dẹ̀. A ń kọ́ wọn ní òwe pé ìlera loògùn ọrọ̀, ṣùgbọ́n ti ara nìkan la ń rò: ọmọ tí ibà ń ṣe, a ní kó lọ sùn, èyí tí ọkàn rẹ̀ pòrúurùu, a ní kó gbájú mọ́ ìwé.

Àwọn kan yóò ní ẹni tí kò lè fara da ìwé kò lè fara da aláìsàn lóru. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. N kò sì gba ti àwọn tó ń sọ pé máàkì kò jẹ́ nǹkan kan. Àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ ń wò ó. Ṣùgbọ́n dókítà tó ṣiṣẹ́ mọ́jú a máa fa aláìsàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, a sì ròyìn òru náà fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Òtítọ́ wà nínú ìfaradà tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ ń kọ́ òdìkejì rẹ̀. Kí tilẹ̀ ni máàkì, bí kò ṣe ẹ̀rí ohun tí ènìyàn lè ṣe? Èyí tí a fi ọkàn tó dàrú gbà, yálà ó ga ni tàbí ó rẹlẹ̀, kò jẹ́rìí tó péye nípa ẹnikẹ́ni.

Lójú tèmi, nítorí náà, dídín iye ẹ̀kọ́ kù fún ìgbà díẹ̀ kì í ṣe ìwà ojo. Òfin Amẹ́ríkà pàápàá fàyè gba ẹni tó bá físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé láti ṣe é nítorí àìsàn, títí dé oṣù 12, bí dókítà bá kọ ìwé sí i, tí òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń bójú tó wọn sì ti fọwọ́ sí i ṣáájú. Ẹni tó bá dá a ṣe láìgba àṣẹ lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti gbé níbẹ̀.

Owó ló tún le jù. Ọmọ olówó lè sinmi ọdún kan. Ẹni tí ẹbí ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀ kò lè sọ pé ó rẹ òun. Àwọn òbí tó ń pe ọmọ ní “Dókítà” lórí fóònù kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn rò pé ìfẹ́ làwọn ń fi hàn. Ọmọ náà ló mọ bí orúkọ náà ti wúwo tó. Bí ó bá pe ilé lóru pé òun kò rí oorun sùn, àfàìmọ̀ kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ má jẹ́ nípa ìdánwò.