Orí, Ẹsẹ̀, àti Ẹni Tí Ń Dá Kẹ̀kẹ́ Gùn Lọ Sọ́nà Jíjìn

Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa ti gbà á gbọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé àkúnlẹ̀yàn ni ọmọ ẹ̀dá ń bá pàdé láyé, tí ó sì jẹ́ pé ibi tí orí ń gbé ẹni rè ti wà nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó gbéra, kí ni ìmúra wà fún? Ìbéèrè àtayébáyé ni, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí ó kàn gbọ̀ngbọ̀n tó ẹni tí ó fẹ́ dá kẹ̀kẹ́ ológeere gùn lọ sí ìlú tí ó jìnnà réré, ẹni tí kò ní ọmọ ọ̀dọ̀, tí kò ní ọkọ̀ tí yóò máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tí ó jẹ́ pé bí táyà bá jò láàárín aginjù, òun nìkan ni yóò jókòó tì í. Apá kan nínú àwọn olùfọkànsìn yóò wí fún un pé kí ó máa lọ, pé Elédùmarè, Ọba a-tẹ́rẹrẹ-káríayé, yóò ṣe ọ̀nà rẹ̀ ní rere, àti pé ìmúra àmújù kò yàtọ̀ sí àìgbàgbọ́. Apá kejì yóò rán an létí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, nítorí náà kí ó di ohun gbogbo tí ó bá lè wúlò. Lójú tèmi, kò sí èyí tí ó ti fi kẹ̀kẹ́ ru ẹrù gun òkè rí nínú àwọn méjèèjì.

Nítorí pé ẹni tí ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù lè di gbogbo iyèméjì ọkàn rẹ̀ sínú àpótí, kí ó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, kí ó sì gbàgbé rẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń ru ú. Kẹ̀kẹ́ kò fún ènìyàn ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan gbáko ni, kò sì sí àdúrà tí ó lè mú un fúyẹ́; ẹni tí ó bá ń la aṣálẹ̀ kọjá, tí ó gbé lítà 10 nítorí pé kànga iwájú lè ti gbẹ, orúnkún rẹ̀ ni yóò san owó ìṣọ́ra náà ní gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ òtútù kejì, òògùn àìsàn tí kò ì ṣe é rí, àti túùbù tí ó pọ̀ ju bí táyà ṣe lè jò lọ. Gbogbo “bóyá” tí ó sọ sí ara rẹ̀ nílé ni ó ní ìwọ̀n. Àwọn baba wa wí pé ẹlẹ́rù ni í gbé e níbi tí ó ti wúwo. Nínú ìrìn yìí, kò tilẹ̀ sí ẹlòmíràn tí yóò gbé ibi tí ó fúyẹ́. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Thomas Stevens mọ èyí nígbà tí ó jáde ní San Francisco ní oṣù kẹrin ọdún 1884, lórí kẹ̀kẹ́ ayé àtijọ́ tí táyà iwájú rẹ̀ ga tó àyà ènìyàn. Ìbọ̀sẹ̀, ẹ̀wù kan tí yóò máa fi pààrọ̀, ìbọn ìléwọ́, àti aṣọ òjò tí ó tún jẹ́ àgọ́ àti ibùsùn fún un, èyí ni ẹrù rẹ̀. Ó dé Boston ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ó sì rìn ín títí ó fi dé Yokohama ní ilẹ̀ Japan ní ìparí ọdún 1886.

Ẹni tí mo fẹ́ kí a dúró tì díẹ̀ ni Dervla Murphy, ọmọbìnrin ará Lismore ní ilẹ̀ Áílándì. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 10 ní 1941, wọ́n fún un ní àlòkù kẹ̀kẹ́ àti ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé, kò sì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ó fi pinnu pé òun yóò gun kẹ̀kẹ́ dé Íńdíà. Ṣùgbọ́n àrùn oríkèé-ara ti sọ ìyá rẹ̀ di ẹni tí kò lè dá ohunkóhun ṣe. Ọmọ náà fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 14 láti máa tọ́jú rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí ìyá náà fi jáde láyé ní 1962. Ní oṣù kìíní ọdún 1963, nínú òtútù tí Yúróòpù kò rí irú rẹ̀ tipẹ́, ó gbéra. Àwọn kan yóò pe ọdún wọ̀nyẹn ní ìdádúró. Ọmọ Yorùbá kankan kò ní pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lórí àkéte àìsàn, ọ̀nà wo ni ó fẹ́ yẹ ẹ́? Ẹni tí ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ igbe aláìsàn, tí ó ti kọ́ láti fi ìfẹ́ ara rẹ̀ sí apá kan, ó ti ní ohun kan nínú àpò tí olùtajà kẹ̀kẹ́ kì í tà.

Ohun tí ó ṣe sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí ó sọ ní Roz, ni mo máa ń rò jù lọ. Dípò kí ó fi kún un, ńṣe ni ó ní kí wọ́n tú gíà rẹ̀ kúrò, nítorí pé ohun ẹlẹgẹ́ ni, ọ̀nà ilẹ̀ Éṣíà yóò sì bà á jẹ́: ohun tí kò sí kò lè bàjẹ́. Àwọn táyà tí yóò nílò, kò dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn. Ó fi wọ́n ránṣẹ́ síwájú sí àwọn ilé aṣojú ìjọba tí ó wà lọ́nà. Ó sì mú ìbọn ìléwọ́ kékeré kan dání, èyí tí ìkookò jẹ́ kí ó lò ní Yugoslavia.

Àwọn oníwàásù tí ó ń pe ìmúra ní àìgbàgbọ́ a máa tọ́ka sí ibi tí Jésù ti rán àádọ́rin ọmọ-ẹ̀yìn jáde nínú Ìhìnrere Lúùkù láìsí àpò owó, láìsí bàtà. Wọn a sì fo orí kejìlélógún ìwé kan náà dá, níbi tí Olúwa kan náà ti pàṣẹ pé nísinsìnyí, kí ẹni tí ó bá ní àpò mú un lọ́wọ́. Ọ̀nà ni ó yí padà, Olúwa kò yí padà. Àwọn Mùsùlùmí náà ní hàdíìsì nípa ọkùnrin tí ó bi Ànábì léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, tí Ànábì sì ní kí ó so ó, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ẹni tí Ifá bá sì fọre fún lórí ìrìn-àjò, ẹbọ ni babaláwo kọ́kọ́ ń ní kí ó rú.

Nínú Ògúndá Méjì ni Ifá ti bi àwọn òrìṣà pé ta ni nínú wọn tí ó lè bá olùsìn rẹ̀ rin ìrìn òkun jíjìn láìpadà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun lè ṣe é. Wọ́n ní bí ó bá wá rìn títí, tí ó kan Kòso ilé baba rẹ̀, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n ro ọkà síwájú rẹ̀ ńkọ́? Ó ní bí òun bá yó tán, òun yóò padà sílé òun. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi wá hàn pé Orí nìkan ni kì í padà lẹ́yìn ẹni. (Ó máa ń dùn mọ́ mi pé kì í ṣe ogun tàbí ìjì ni ó dá àwọn òrìṣà padà, bí kò ṣe oúnjẹ ilé.) Nítorí náà, ẹni tí a ń pè ní àdágùn kò dá wà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi ìtàn yìí ṣe ìrọ̀rí gbàgbé pé Ifá kan náà ni ó sọ nípa ìgbà tí gbogbo orí pe àpérò láìpe ẹsẹ̀, tí ìmọ̀ràn wọn sì forí ṣánpọ́n títí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é. Níbí gan-an ni mo rí ìdáhùn. Kí ènìyàn máa gùn ún lójoojúmọ́ fún oṣù bíi mélòó kan títí ìdí yóò fi mọ gàárì, kí ó kọ́ bí a ti ń lẹ túùbù nínú òkùnkùn àti bí a ti ń so ṣéènì tí ó já, nítorí Ògún Lákáayé, Ọṣìn Imọlẹ̀, kì í gba àwáwí lọ́wọ́ ẹni tí ó gun irin láìmọ irin: ti ẹsẹ̀ nìyẹn, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ fún orí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá di oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì mọ́ kẹ̀kẹ́ láti la ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé kọjá, ìpín orí ni ó ń dì sínú àpò, ó sì ti bú àwọn onílé ọ̀nà kí ó tó rí wọn.

Ọlábísí Àjàlá tiwa, tí òkìkí rẹ̀ kò tí ì tán lẹ́nu, kò bú wọn. Ní 1952, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ó ju máìlì 2,000 lọ, agbádá Yorùbá sì ni ó wọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ kẹ̀kẹ́ yóò sọ pé aṣọ tí ó ń gba atẹ́gùn bí ìgbòkun kò yẹ ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti ṣéènì. Àjàlá mọ̀, ó sì wọ̀ ọ́, nítorí pé àwọn tí yóò pàdé ni ó múra fún, àwọn tí wọ́n ti gbọ́ pé ìhòhò ni ọmọ Áfíríkà ń rìn.

Ti Kazimierz Nowak, ará Poland, ni ó ṣòro fún mi. Ó gbéra ní Tripoli ní 1931, ó dé ìpẹ̀kun Áfíríkà ní gúúsù, ó sì gba ọ̀nà mìíràn padà dé Algiers ní 1936, ó tó kìlómítà 40,000, lórí kẹ̀kẹ́, lórí ẹṣin, lórí ràkúnmí, nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àti lórí ẹsẹ̀. Aṣálẹ̀ kò pa á. Ibà ti jẹ ẹ́ lára, òtútù àyà sì mú un lọ ní Poznań ní 1937, láìpé ọdún kan tí ó délé. Àwọn kan yóò ní kò múra tó, àwọn mìíràn yóò ní ohun tí orí yàn kò gbóògùn. N kò rí ẹni tí ó lè dá ẹjọ́ náà nínú wọn. Bí mo bá ní ohun kan láti bi í, ti ìyàwó àti ọmọ méjì tí ó fi sílẹ̀ nílé ni, tí owó àwòrán àti ìròyìn tí ó ń fi ránṣẹ́ láti ọ̀nà ni wọ́n fi ń jẹun. Murphy parí iṣẹ́ ilé kí ó tó gun kẹ̀kẹ́. Nowak gun kẹ̀kẹ́ kí ilé lè jẹun. N kò rò pé orí èyíkéyìí nínú wọn bá a wí.